ỌMỌ WA FẸ́ ṢE WỌ́DÀ: BÁWO NI YÓÒ ṢE MÚRA SÍLẸ̀?

  

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn Mísà àárọ̀, ìyá kan dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ará Kétu ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń ta gaàrí ní Zanguéra níhìn-ín. Ó fa ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́ dání, ọmọ ọdún 23. Ọmọ náà ti gba ìwé BEPC, alùpùpù ni ó sì fi ń gbé èrò kiri báyìí. Ìyá náà ní: "Kátíkíìsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ yìí ní òun fẹ́ lọ ṣe wọ́dà. Mo ní kò ní ṣe é. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn, kí ènìyàn máa ti ọmọ ẹlòmíràn mọ́lé?"

A rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún wa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n mú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lórí ọ̀rọ̀ alùpùpù tó sọnù. Ó lé ní ọdún kan tó fi wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan kí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì gbọ́ ọ, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìyá yìí ni ó ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan á ní kí ó mú nǹkan wá kí oúnjẹ náà tó lè wọlé. Ó ní: "Kátíkíìsì, igun ìró mi ni mo ti ń tú owó yẹn. Bí n kò bá tú u, oúnjẹ á tutù síta lójú mi. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi fẹ́ dà?"

A kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì kí a fi wádìí, kí a fi kàwé. Ohun tí a rí ni a kọ síhìn-ín, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti lè ṣẹlẹ̀.

KÍ NI IṢẸ́ WỌ́DÀ GAN-AN?

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé iṣẹ́ wọ́dà kò ju kọ́kọ́rọ́ àti pàṣán lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lédè Faransé, surveillant pénitentiaire ni à ń pè é, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Ní Togo níhìn-ín, abẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìdájọ́ ni ọgbà ẹ̀wọ̀n wà. Ẹ̀ka tó ń darí àwọn ọgbà náà ní ọ̀rọ̀ méjì nínú orúkọ rẹ̀: ọ̀kan ni àbójútó ẹ̀wọ̀n, èkejì ni réinsertion, ìyẹn ni pé kí a mú ẹni tó ṣẹ̀ padà bọ̀ sáàárín ènìyàn. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ méjèèjì yìí ni iṣẹ́ wọ́dà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́dà ń ṣe láti àárọ̀ dé alẹ́. Ó ń ka àwọn tó wà lábẹ́ ìṣọ́ rẹ̀, ó sì tún ń kà wọ́n kí ilẹ̀kùn tó tì. Ó ń yẹ ẹrù wò kí ọ̀bẹ tàbí oògùn olóró má bàa wọlé. Ó ń wo ìwé, nítorí kò yẹ kí a gba ẹnikẹ́ni sínú ọgbà láìsí ìwé àṣẹ tó tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ kan ṣoṣo pẹ́ ju ọjọ́ tí òfin ní kí ó jáde lọ. Ó ń la ìjà. Ó ń mọ ẹni tó ń wúkọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń mọ ẹni tí kò jẹun mọ́, tó kọjú sí ògiri, tí ìrònú fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá rí ni ó ń kọ sínú ìwé, kí ẹni tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè mọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo èyí, kò sí ibi tí a ti ní kí wọ́dà jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Adájọ́ ti dá ẹjọ́ tán. Òmìnira tí a gbà lọ́wọ́ ẹni náà ni ìyà rẹ̀. Kò sí ẹni tó bẹ wọ́dà pé kí ó fi tirẹ̀ kún un.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ní Geneva ní ọdún 1955 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti kọ́kọ́ fi ẹnu kò lórí bí ó ti yẹ kí a máa ṣe sí àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún òfin náà ṣe, wọ́n sì fi orúkọ Nelson Mandela sọ ọ́, nítorí ọdún 27 ni ó lò lẹ́wọ̀n. Ìlànà 122 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe wọ́dà, kí ó kọ́ díẹ̀ nínú wọn sórí kó tó kọ́ bí a ti ń lo kọ́kọ́rọ́.

Ìlànà náà ní kí a yan òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú ìṣọ́ra, kí ó jẹ́ olóòótọ́, kí ó ní àánú, kí ó sì mọ iṣẹ́. Ó ní kí a kọ́ ọ kó tó wọ iṣẹ́, kí a sì máa kọ́ ọ lẹ́yìn tó bá wọ̀ ọ́ tán. Ó ní wọ́dà kò gbọ́dọ̀ lo agbára àfi bí ó bá ń gba ara rẹ̀ là, tàbí bí ẹnì kan bá fẹ́ sá, tàbí bí ẹnì kan bá fi ara tako àṣẹ tó bá òfin mu. Bó bá sì lò ó, kí ó má kọjá ìwọ̀n, kí ó sì lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní obìnrin ni kí ó máa ṣọ́ obìnrin, ọkùnrin kò sì gbọ́dọ̀ wọ ọ̀dọ̀ wọn láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ obìnrin bá a lọ. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ tàbí omi mímu jẹ ènìyàn níyà. Ìyá onígaàrí wa kò mọ̀ nípa ìwé yìí, ṣùgbọ́n ohun tó ń sunkún sí gan-an ni ó wà nínú rẹ̀.

Òfin ilẹ̀ Togo pàápàá ti yí padà. Ní ọdún 2009 ni wọ́n fagi lé ìjìyà ikú. Òfin ìwà ọ̀daràn tuntun ti ọdún 2015 sọ ìdálóró di ọ̀ràn tí a lè torí rẹ̀ gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 2018, wọ́n fún àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, CNDH, ní iṣẹ́ pé kí ó máa dènà ìdálóró, kí ó sì máa bẹ àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n wò. Ọmọ wa tó fẹ́ wọ aṣọ ìjọba, kí ó mọ̀ pé ẹni tó ń ṣọ́ni, a ń ṣọ́ òun náà.

IBI TÍ IṢẸ́ NÁÀ TI LE

A kò gbọ́dọ̀ fi òótọ́ pamọ́ fún ọmọ. Ènìyàn 666 ni ọgbà ẹ̀wọ̀n Lomé wà fún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì iye yìí lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, Ààrẹ dárí ji àwọn ẹlẹ́wọ̀n 1,048 ní gbogbo ilẹ̀ Togo kí àyè lè dẹ̀ díẹ̀. Kò pẹ́ tí ibẹ̀ tún fi há. Oru ń mú, èékú ń jà, ikọ́ ń ran ara wọn, wọ́dà náà sì ń mí afẹ́fẹ́ kan náà.

Ohun kejì tó le ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa ni a kò tíì dá lẹ́jọ́. Lójú òfin, ẹni tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́bi kò jẹ̀bi. Nítorí náà, nígbà tí wọ́dà bá ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́, ó ń tì í mọ́ olè, ó sì ń tì í mọ́ ẹni tí kò jí nǹkan kan. Kò lè fi ojú mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ó ṣe sí gbogbo wọn bí ẹni tó lè jẹ́ àbúrò ìyá onígaàrí.

Ohun kẹta ni owó. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá kéré, tí ẹlẹ́wọ̀n sì pọ̀, gbogbo nǹkan ló ń di ọjà: àyè ìsùn, omi, fóònù, ìbẹ̀wò. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kì í kọ́kọ́ wá ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Sìgá kan ni, tàbí ìgò bíà kan, tàbí "ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi jẹ́ iṣẹ́ kékeré yìí fún ìyàwó mi." Ẹni tó bá gba ti àkọ́kọ́ kò lè kọ ti ẹ̀ẹ̀kejì mọ́, nítorí ẹni tó fún un ti mọ àṣírí rẹ̀.

ṢÉ AṢỌ NÍ Ń SỌ ÈNÌYÀN DI ÌKÀ?

Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ wa fẹ́ràn láti sọ ìtàn kan. Ní ọdún 1971, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n Philip Zimbardo kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jọ. Ó sọ àwọn kan di wọ́dà, ó sọ àwọn yòókù di ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fẹ́ fi ṣe é, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà ni ó dá a dúró, nítorí àwọn "wọ́dà" ti ń fìyà jẹ àwọn ẹgbẹ́ wọn. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé bí a bá wọ aṣọ wọ́dà fún ènìyàn rere, ìkà ni yóò dà.

Ní ọdún 2018, ará Faransé kan, Thibault Le Texier, tẹ ìwé kan jáde lẹ́yìn tó tú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà wò. Ó fi hàn pé kì í ṣe aṣọ nìkan. Àwọn tó ṣètò ìdánwò náà ti sọ irú ohun tí wọ́n ń retí fún àwọn "wọ́dà" náà, wọ́n sì ń ti wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n le koko. Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Wọ́dà tuntun máa ń ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá fẹ́ rí, àfi bí ó bá ti gbé ohun mìíràn wá láti ilé. Nítorí náà ni Norway fi ń kọ́ wọ́dà fún ọdún méjì gbáko, tí ó sì ń san owó fún un bí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà ni Faransé fi ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá fún iṣẹ́ yìí ní ìlú Agen. Ní Nàìjíríà, ní ọdún 2019, òfin tuntun yí orúkọ iṣẹ́ náà padà, kí àtúnṣe ìwà lè hàn nínú orúkọ rẹ̀. Orúkọ rere dára, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìtàn mìíràn. Ní ọdún 1978, ọmọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Christo Brand, dé Robben Island láti ṣọ́ Mandela. Wọ́n ti sọ fún un pé àwọn apániláyà ni yóò máa ṣọ́. Ó bá àgbàlagbà kan pàdé tó ń kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní ọjọ́ kan, Winnie, ìyàwó Mandela, fi aṣọ bo ọmọ-ọmọ wọn mọ́ra wọ ọgbà náà. Òfin kò gbà kí Mandela fọwọ́ kan ọmọ. Brand wá ọ̀nà gbé ọmọ náà fún un, bàbá àgbà náà sì gbé e lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́ títí Mandela fi kú ní ọdún 2013. Wọ́dà yìí kò ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni láti sá lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gba kọ́bọ̀.

BÍ ỌMỌ WA YÓÒ ṢE MÚRA

Èkíní, kí ó mọ ọ̀nà tó tọ́. Ìdánwò ìjọba, èyí tí a ń pè ní concours, ni a fi ń wọ irú iṣẹ́ yìí. Kí ó máa wo ìkéde ìjọba fúnra rẹ̀, kí ó ka ọjọ́ orí àti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá béèrè. Kí ó ti tọ́jú ìwé ìbí, ìwé ọmọ onílùú, àti casier judiciaire sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun lè fi orúkọ ọmọ yín sí i, ẹ sá fún un. Ẹni tó bá fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wọlé, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni yóò fi gba owó rẹ̀ padà, lọ́wọ́ ìyá tó gbé oúnjẹ wá.

Èkejì, kí ó kàwé. Kí ó máa kọ Faransé tó mọ́, nítorí ìròyìn tí wọ́dà bá kọ lè dé iwájú adájọ́. Kí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí a mú tí a kò tíì dá lẹ́jọ́ àti ẹni tí a ti dá lẹ́jọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ó tọ́jú ara. Kí ó máa sáré ní ìdájí kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà. Kí ó dín ọtí kù. Wọ́dà tó bá mutí ti fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ó kọ́ bí a ti ń ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ẹni tó ṣèèṣì tàbí tó dákú. Lóru, kí oníṣègùn tó dé, wọ́dà ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó kó ahọ́n rẹ̀ níjàánu. Wọn yóò bú u, wọn yóò bú ìyá rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kí ó bẹ̀rẹ̀ nílé, pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹni tí kò lè la ìjà ọmọ méjì láìgbé ọwọ́ sókè, báwo ni yóò ṣe la ìjà ogójì ọkùnrin?

Ẹ̀kẹfà, kí ó lo èdè tó gbọ́. Ọmọ Zanguéra gbọ́ Èwé, ó gbọ́ Mina, ó gbọ́ Yorùbá nílé, ó sì gbọ́ Faransé. Ẹni tó gbọ́ èdè ẹlẹ́wọ̀n yóò tètè mọ ìjà kó tó bẹ́, yóò sì tètè mọ àìsàn.

Èkeje, kí ó bá àwọn tó ń bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò lọ, bí àyè bá wà, kí ó kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé bí àlejò. Kí ó dúró lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ìyá tó gbé abọ́ oúnjẹ dání. Kí ó má gbàgbé ìlà yẹn lọ́jọ́ tí òun bá dúró sí apá kejì.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ILÉ

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tijú ọmọ tó yan iṣẹ́ yìí. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 16, wọ́dà kan wà ní ìlú Fílípì tó fi ẹsẹ̀ Pọ́ọ̀lù àti Sílà sínú àbà. Lóru ọjọ́ náà kan náà, ó wẹ ọgbẹ́ wọn, ó sì gbé oúnjẹ ka iwájú wọn nínú ilé rẹ̀. A kò kà á níbì kankan pé ó fi iṣẹ́ wọ́dà sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó yí padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2024, nígbà tí Póòpù Francis fẹ́ ṣí Ilẹ̀kùn Mímọ́ ti ọdún Júbílì, inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Rebibbia ní Róòmù ni ó lọ ṣí ọ̀kan. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà níbẹ̀, àwọn wọ́dà náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó wọ́dà, iṣẹ́ òru ń mú ènìyàn bínú. Bí ọkọ yín bá dé, ẹ jẹ́ kí ó sùn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó gbé ohùn ọgbà ẹ̀wọ̀n wọ inú ilé. Ẹ̀yin ìbátan, ẹ má béèrè owó tó ju owó oṣù rẹ̀ lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọ́dà ni ìdílé wọn ti kọ́ ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láìmọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá náà àti ọmọ rẹ̀ wá sílé wa. A ka gbogbo èyí fún wọn. Ìyá náà dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: "Kátíkíìsì, ṣé gbogbo èyí ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀?" A ní: "Ìyá, wọ́n á kọ́ wọn ní díẹ̀. Ìyókù, ilé ni."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó di igun ìró rẹ̀ mú, ó ní: "Wo ibí yìí dáadáa. Bí o bá gba kọ́bọ̀ kan láti ibi báyìí lára ìyá ẹnikẹ́ni, èmi ni o gbà á lọ́wọ́ mi." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún un.

Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, ọmọ náà ṣì ń retí ìdánwò. A máa ń rí i ní ìdájí tó ń sáré lọ sí ọ̀nà Adidogomé, kó tó gbé alùpùpù rẹ̀ jáde. A kò mọ̀ bóyá yóò yege. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti gbà fún un.

Ẹ̀yin ará wa, lórí bẹ́ǹṣì kan náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ni ìyá wọ́dà àti ìyá ẹlẹ́wọ̀n ń jókòó sí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ jẹ́ kí a kí àwọn méjèèjì dáadáa. Bí ẹ bá sì ní ọmọ tó ń ronú iṣẹ́ yìí, ẹ bá a jókòó, kí ẹ bá a sọ ọ́ kó tó lọ fi orúkọ sílẹ̀.